Kétu Tí Dánfó Kì Í Dé

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni mo ní lẹ́nu fún yín ní ìrọ̀lẹ́ òní.

Abúlé Òkúta ni mò ń gbé, ní agbègbè Ṣómólú àti Bàrígà ní Èkó. Bí mo bá jáde láàárọ̀ tí mo dé títì Ìkòròdú, igbe àwọn kọ̀ńdọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ kí mi: "Kétu! Kétu! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Kétu tí wọ́n ń pè yìí kò jìnnà. Bí ọkọ̀ kò bá dí títì pa, ènìyàn á dé ibẹ̀ kí àkàrà ọwọ́ rẹ̀ tó tutù. Ṣùgbọ́n ìyá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kì í gbọ́ orúkọ náà kí ó má rẹ́rìn-ín. Á ní, "Kétu tiyín nìyẹn. Kétu tèmi, dánfó kì í dé ibẹ̀."

Kétu Alákétu ni ìyá mi ń wí, ìlú tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, tí à ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí àbúrò baba rẹ̀ mú un wá sí Èkó. Èkó ni ó dàgbà sí, Èkó ni ó ti lọ́kọ, Èkó náà ni ó ti bí wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo kò kúrò nílé ní tirẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá mi pè mí wọ yàrá, ó ní, "Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé ọ̀nà jíjìn mọ́. Lọ fi ara rẹ han ẹ̀gbọ́n mi kí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì tó sùn. Kí o sì mú ọmọ rẹ dání, kí ó lè fojú rí i." Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà. Àṣẹ ìyá kì í ṣe ohun tí à ń jiyàn lé lórí. A di ẹrù.

Mo mọ àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti rin ìrìn àjò dé ilẹ̀ Faransé. Bí wọ́n bá dé, wọn á máa ròyìn abúlé orí òkè, àti ilé olókùúta, àti wàrà oríṣiríṣi tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń jẹ búrẹ́dì. Ó dára, ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó lọ. Ṣùgbọ́n ibì kan ń bẹ nítòsí wa níhìn-ín tí Faransé ti ṣe ìjọba fún ohun tí ó dín díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún. Òkè wà níbẹ̀, wàrà wà níbẹ̀, búrẹ́dì gígùn àwọn Faransé pàápàá wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì kí wọn pé "Ẹ káàárọ̀", "Ẹ káàárọ̀" ni wọn yóò fi dá yín lóhùn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ lọ.

Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ni a gbà. Ní bodè, a kúrò lọ́wọ́ aṣọ́bodè tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, a bọ́ sọ́wọ́ èyí tí ó ń sọ Faransé. A pa náírà wa dà sí owó sẹ́fà. Láti ibẹ̀ a kọjá sí Pọ́bẹ̀, níbi tí oko ọ̀pẹ ti pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bí a ti ń lọ sókè ni ilẹ̀ ń pupa sí i, tí igi oṣè bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láàárín oko àgbàdo, pẹ̀lú ikùn ńlá bí ẹni tí ó jẹun yó. Nígbà tí ó ṣe, awakọ̀ ní, "A ti dé Kétu." Ọmọ mi wò yíká. Ó bi mí léèrè pé ṣé òun náà ni Kétu tí à ń gbọ́ lẹ́nu kọ̀ńdọ́. Mo ní rárá, èyí ni ti ìyá àgbà rẹ̀.

Kí n tó mú yín wọlé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú náà ti rí díẹ̀. Kétu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú àgbà ilẹ̀ Yorùbá. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ti ṣẹ̀ wá. Ìdílé márùn-ún ni ó sì ń jẹ Alákétu, bí ó ti ń yí láti ilé kan sí èkejì. Orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni ìlú náà wà. Kò sí odò ńlá lẹ́bàá rẹ̀, kànga ibẹ̀ sì jìn púpọ̀, nítorí náà omi òjò ni àwọn ará ìgbàanì ń kó jọ. Wọ́n mọ odi yí ìlú ká, wọ́n sì gbẹ́ yàrà sẹ́yìn odi náà. Àbáwọlé rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ ni Àkàbà Ìdènà, tí ó ṣì wà ní ìdúró títí di òní, pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ tí a fi pákó ńlá ṣe. Nígbà tí Àjàyí Crowther, tí ó padà wá di bíṣọ́ọ̀bù, dé Kétu ní ọdún 1853, ìlú olódi tí ó kún fún ènìyàn ni ó bá.

Ìtàn kan níbẹ̀ sọ pé ìbéèrè ni orúkọ ìlú náà: ta ni ó lè tú iké lẹ́yìn abuké, ta ni ó sì lè tú ìlú yìí? Ó ṣeni láàánú pé ẹnìkan dáhùn ìbéèrè náà. Àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, kọlù Kétu ní ọdún 1883. Ní ọdún 1886 wọ́n tún padà wá, wọ́n dó tì í títí ebi fi wọ ìlú, wọ́n sì tú u pátápátá. Àwọn tí idà kò pa, wọ́n dè wọ́n lọ sí ilẹ̀ Dàhòmì.

Ọdún kẹta lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fa ilà sórí ìwé. Kétu bọ́ sí apá ti Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí àwọn ará rẹ̀ sọ pé Kétu ni àwọn ti wá, bọ́ sí apá ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ní ọjọ́ tí wọ́n fa ilà yẹn, ahoro ni Kétu. Onílé wà lóko ẹrú nígbà tí wọ́n ń pín ilé rẹ̀. Ìgbà tí Faransé wá bá Béhanzin ọmọ Glèlè jà, tí wọ́n sì wọ Àgbómẹ̀ ní ọdún 1892, ni àwọn ará Kétu tó rí ọ̀nà. Wọ́n padà sílé, wọ́n ṣán igbó tí ó hù lójú agbo ilé baba wọn, wọ́n tún fi ọba jẹ. Glèlè tú ìlú náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tú u tán.

Mo sọ ìtàn yìí fún yín nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a wọ agbo ilé ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn mi, ó ní ohùn àbúrò òun ni. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, ó ń lu ẹ̀yìn mi pẹ́pẹ́, mi ò sì lè dìde, nítorí omi ti gba ojú mi. Lẹ́yìn èyí ó kọjú sí ọmọ mi. Ó kí i, ó bi í pé ṣé àlàáfíà ni ìyá àgbà rẹ̀ wà, ṣé ó ń jẹun dáadáa. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ bí mo ti kọ́ ọ, ó dìde, ó wò mí lójú. Ìyá àgbà tún béèrè. Ọmọ kò fèsì.

Ó ní, "Ṣé odi ni ọmọ yìí ni?"

Mo ní, "Rárá o, ẹ̀yin ìyá. Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbọ́."

"Ta ni ó ń bá a sọ ọ́ nílé?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Glèlè kó ìyá tí ó bí ìyá wa lọ. Ó padà wá pẹ̀lú èdè rẹ̀ lẹ́nu. Ìwọ tí ẹnikẹ́ni kò kó lọ, ta ni ó gba tìrẹ?"

Mi ò rí ohun kan sọ. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n sọ pé nílé ìwé wọ́n ní kí á má sọ èdè wa? Àwọn ọmọ-ọmọ tirẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ Faransé nílé ìwé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Bí wọ́n bá sì ti ṣí ilẹ̀kùn agbo ilé, Yorùbá ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n fi ọ̀kan ra èkejì. Èmi ni mo rò pé bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan tọ́ ọmọ mi, ayé rẹ̀ yóò gbòòrò. Mo wá rí i níbẹ̀ pé ó ti kéré níbi kan.

Ẹ má bẹ̀rù, oúnjẹ kò nílò ògbufọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé ẹ̀kọ tútù wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, wàrà pupa sì ń bẹ nínú ọbẹ̀ náà bí ẹran. Odi wa jẹun bí olóhùn mẹ́ta. Ó fi ọwọ́ júwe abọ́ pé kí wọ́n tún bu sí i.

Wàrà yìí yẹ ní sísọ. Àwọn ìyá Fúlàní ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á gbé wàrà màlúù kaná, wọ́n á fún omi ewé bòmubòmu sí i, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Wọ́n á dà á sínú agbọ̀n kí omi rẹ̀ lè ro kúrò. Àwọn kan á tún fi pòròpórò ọkà bàbà pupa sè é, yóò di pupa rẹ́súrẹ́sú, yóò sì pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Wọ́n ń dín in, wọ́n ń fi í se ọbẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ lásán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, búrẹ́dì gígùn ni wọ́n fi ránṣẹ́ pè wá, pẹ̀lú kọfí tí wọ́n da mílíìkì olómi dídùn sí. Mo rẹ́rìn-ín sínú ara mi. Faransé ti kó ẹrù rẹ̀ lọ ní ọdún 1960, ṣùgbọ́n ó gbàgbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ènìyàn wa kò sì dá a padà.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí á tẹ̀lé òun lọ ra iṣu ní apá òkè. A gba Bohicon kọjá, nítòsí Àgbómẹ̀ tí wọ́n kó àwọn baba wa lọ nígbà náà, a sì kọrí sí Ìdáàṣà. Ẹ̀yin ará Abúlé Òkúta, ẹ fi etí sílẹ̀. Òkúta tí à ń rí ládùúgbò wa kò ju èyí tí típà ń já sẹ́nu ọ̀nà onílé tí ó fẹ́ kọ́lé lọ. Ẹ lọ sí Ìdáàṣà kí ẹ lọ wo òkúta! Òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń ka ìlú náà sí. Òkúta dúdú ràbàtà-ràbàtà ni wọ́n, òmíràn dá dúró, òmíràn gun ara wọn lẹ́yìn, ilé àwọn ènìyàn sì wà lẹ́sẹ̀ wọn bí ọmọ adìyẹ lábẹ́ ìyá. Ìtàn ìdílé ọba wọn sọ pé láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni baba ńlá àwọn ti wá. Ohun tí Olúmọ ṣe fún Ẹ̀gbá ni àwọn òkè yìí ṣe fún wọn nígbà ogun Dàhòmì: wọ́n sá sínú ihò àpáta, wọ́n fi òkè ṣe odi. Lónìí, ihò àpáta kan níbẹ̀ ti di ibi àdúrà fún àwọn ìjọ Àgùdà, tí èrò ń rọ́ lọ sí lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ.

Láti ibẹ̀ a dé Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Oníṣábẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn òkè ńlá ti dúró lẹ́yìn ìlú, tí ojú ọ̀nà reluwé tí Faransé là láti Kútọnu lọ sí Parakou sì gba àárín ìlú kọjá. Igi kajú pọ̀ níbẹ̀, iṣu sì pọ̀. Wọ́n gún iyán fún wa, ó funfun, ó fà, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì wà lórí rẹ̀. Ìyá tí ó gbé e wá kí wa ní Yorùbá tí ó yàtọ̀ díẹ̀ sí tèmi. Èmi náà fi tèmi dá a lóhùn. Nígbà tí a jẹun tán, a ti ń bá ara wa ṣàwàdà. Ọmọ mi ń jẹ iyán, ó ń wo ẹnu wa bí ẹni tí ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n òru tí mi ò lè gbàgbé ni èyí tí a padà sí Kétu, tí wọ́n ṣe Ẹ̀fẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn ìyá wa ni wọ́n ń fi ṣe ẹ̀yẹ fún. Ọkùnrin ni ó ń jó o, ṣùgbọ́n aṣọ obìnrin ni wọ́n ń wọ̀, pẹ̀lú ère igi lórí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, tí olórin rẹ̀ ń ṣàdúrà fún ìlú, tí ó sì ń fi oníwàkúwà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo lápapọ̀. Ilà tí wọ́n fà ní Paris kò pín ìyẹn.

Ní òru náà, olórin kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, gbogbo ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń fi fóònù ya àwòrán iṣu oko rẹ̀ kiri, tí ewúrẹ́ sì ń jẹ iṣu náà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín ta. Àwọn arúgbó ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé ń yí nílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ibi tí mo ti yíjú ni mo ti rí ọmọ mi. Ó jókòó láàárín ọmọ ìyá rẹ̀, ó ń wò wọ́n, ẹnu rẹ̀ dì. Ó fà mí láṣọ, ó ní kí ni ó sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Kò pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀fẹ̀ tí a bá túmọ̀ ti di òkú ẹ̀fẹ̀. Ilé, ilẹ̀, owó, gbogbo rẹ̀ ni mo lè pín fún ọmọ mi. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè pín fún un, nítorí mi ò fún un ní ohun tí yóò fi gbà á.

Bí mo ti ń dà á rò, mo rántí àwọn ọmọ Kétu mìíràn, àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun láyé òwò ẹrú. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil, títí di òní, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà kan ń fi orúkọ Kétu pe ara wọn. Yorùbá ni orin tí wọ́n ń kọ níwájú òrìṣà. Ilé òrìṣà kan ń bẹ níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ Alákétu, tí àwọn ará ibẹ̀ sọ pé ọmọ ilé Àró, ọ̀kan nínú ìdílé ọba Kétu, ni ó dá a sílẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò gba èdè lẹ́nu wọn. Èmi tí kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́rùn mi, owó ilé ìwé ni mo san.

Ọmọdébìnrin kan nínú agbo ilé náà, ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni ó yọ wá. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó mú ọmọ mi lọ́wọ́ káàkiri. Òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ mi kò gbọ́ Faransé. Ó ń tọ́ka: igi nìyí, kànga nìyí, ewúrẹ́ nìyí. Bí ọmọ mi bá ṣì í pè, yóò rẹ́rìn-ín, yóò tún un pè. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi ṣe é kí a tó gbéra.

Nígbà tí a dé Abúlé Òkúta, ìyá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n yín ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n fún yín ní igba wàrà." Igbá ni ó fẹ́ pè. Ìyá mi ní, "Igba wàrà! Ọkọ̀ wo ni ó rù ú dé ibí?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ mọ ohun tí ó pa á lẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbé igbá sókè hàn án, ó pè é fún un, ó sì ka orí ìka hàn án pé ohun tí ó jẹ́ igba nìyí. Ni ọmọ náà bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ fún un.

Láti ọjọ́ yẹn, Yorùbá ni à ń sọ nílé wa, Gẹ̀ẹ́sì sì wà níta fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀. Ọmọ mi kò fìdí rẹmi nílé ìwé nítorí ìyẹn. Ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, ó ń bá ìyá àgbà Kétu sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà sùn. Ìyá mi sunkún, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé inú òun dùn sí ohun kan: ẹ̀gbọ́n òun mọ̀ kí ó tó lọ pé ọmọ náà kì í ṣe odi.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí ẹ bá ní ìbátan lẹ́yìn bodè, ẹ lọ kí wọn nígbà tí àgbà ṣì wà lórí àpótí. Ẹ lọ wo Àkàbà Ìdènà, ẹ lọ wo òkè Ìdáàṣà, ẹ jẹ iyán Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jẹ wàrà pupa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ fi èdè di ẹrù àwọn ọmọ yín. Èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ yìí, a dá a ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a wí pé kò gbọ́ èsì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ènìyàn di agbọ́rọ̀máfèsì lójú àwọn tí ó bí i.